Káàdì Mi Ni Wọ́n Fẹ́ Ṣú Lópó

Ẹ̀yin tí ẹ bá ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bá mi kẹ́dùn. Àwọn tó ti bá mi kẹ́dùn pọ̀ jù, àwọn náà ló sì sọ mí di bí mo ṣe dà yìí. Ọmọ Yorùbá ni mí, Alajo níhìn-ín ní Accra ni wọ́n bí mi sí, olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, ọkọ mi sì ti kú. Nígbà tí mò ń ṣe opó rẹ̀ lọ́wọ́ ni ìyá mi náà kú ní Madina, àdúgbò kan ní Accra yìí kan náà, n kò sì rí ojú rẹ̀ títí wọ́n fi sin ín. Kì í ṣe pé ara mi kò yá. Kì í ṣe pé ọ̀nà jìn. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ èrò tírótíró ní Alajo láàárọ̀ á ti dé Madina kí oòrùn tó mú. Wọ́n ní kí n má lọ ni! Àwọn kan náà tó ní kí n má lọ ló padà wá gbé mi jáde nínú ilé opó lọ́sàn-án gangan, tí wọ́n gbé mi lọ sí ọ́fíìsì owó orí, nítorí ilé-iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi orúkọ mi dá sílẹ̀. Nísinsìnyí, gbogbo ẹbí ọkọ mi ló ń sọ pé èmi ni mo ba ọjà ọmọ wọn jẹ́. Mo ti gbìyànjú láti ṣàlàyé fún ènìyàn méjì mẹ́ta, ṣùgbọ́n bí mo bá ti dé àárín ọ̀rọ̀ náà, inú á bí mi, n ó sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Bóyá bí mo bá ń kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ báyìí, n ó lè sọ ọ́ tán.

Ohun èlò iná ni ọkọ mi ń tà ní ọjà Okaishie títí ó fi kú: wáyà, gílóòbù, fáànù, àti ihò iná tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri. Àwọn alátùntà ló ń wá kó ọjà lọ́dọ̀ rẹ̀. Accra ni wọ́n bí òun náà sí. Bàbá rẹ̀ tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ló kọ́kọ́ gba ṣọ́ọ̀bù náà. Ó ní àbúrò kan, ọmọ bàbá rẹ̀, tí ìyá tirẹ̀ kò kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ rí. Ìgbà tí ọjà ọkọ mi ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ dáadáa ni àbúrò yìí wá bá a. Nítorí pé wọ́n ti bí i kí n tó wọlé ọkọ, n kò lè pe orúkọ rẹ̀. Bàbá Kékeré ni mò ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni n ó sì máa pè é níhìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ohun tó jọ bàbá lára rẹ̀ àfi ikùn.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa ọkọ mi. Inú ṣọ́ọ̀bù ló ti ṣubú, láàárín àwọn páálí fáànù. N kò ní í purọ́ mọ́ Bàbá Kékeré: òun ló gbé e pọ̀n jáde dé títì, nítorí pé ọkọ̀ kò lè wọ inú ọjà. Ó ń sunkún bó ṣe ń sáré, àwọn tó rí i sọ fún mi. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ojú mi kò fọ́ sí rere tó ṣe. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n sin ọkọ mi ni ọkùnrin náà wá jókòó sórí àga rẹ̀ nínú pálọ̀ mi, kò sì dìde mọ́.

Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni opó àwa mùsùlùmí. Mo gba tèmi tọkàntọkàn. Mo fẹ́ràn ọkọ mi, mo sì fẹ́ jókòó jẹ́ẹ́ kí n máa ronú nípa rẹ̀. Aṣọ funfun ni mo wọ̀, n kò lé tìróò, n kò fi lọ́fínńdà kan ara. Àṣé bí mo ṣe ń ṣọ̀fọ̀ ni àwọn kan ń ṣọ́ mi. Bí mo bá dúró lẹ́nu géètì láti ra kẹ́ńkẹ́ jẹ, Bàbá Kékeré á wúkọ́ láti inú pálọ̀. Bí àwọn tí a jọ ń kọ́ ọmọ tẹ́lẹ̀ bá wá kí mi, á béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá ọkùnrin wà láàárín wọn, nígbà tó ń wò wọ́n lójú kòró. Ó ti mú Àfáà kan wá, ọkùnrin kan láti Zongo, àdúgbò àwọn mùsùlùmí, tó máa ń fi làálì pa irùngbọ̀n rẹ̀ láró, pé kó máa kọ́ mi ní òfin opó. Èmi tí bàbá mi kọ́ ní kéú kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń di bàtà! Mo fetí sílẹ̀ fún un. Ọ̀fọ̀ mú mi rọ̀ nígbà náà.

Lọ́jọ́ tí ìyá mi kú, àbúrò mi obìnrin ló pè mí lórí fóònù láàárọ̀. Kò tíì sọ̀rọ̀ tí mo ti mọ̀. Mo wọ ìbọ̀sẹ̀ mi, mo da ìborùn borí, mo jáde sí pálọ̀. Bàbá Kékeré àti Àfáà wà níbẹ̀, wọ́n ń mu kókó.

Mo ní, “Bàbá Kékeré, ìyá mi ti kú. Mo fẹ́ lọ sí Madina kí n fojú kàn wọ́n kí wọ́n tó wẹ̀ wọ́n. Ràfíá á bá mi lọ.” Ràfíá ni ọmọ wa kan ṣoṣo, obìnrin tó ti ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀.

Bàbá Kékeré wo Àfáà. Àfáà gbé ife sílẹ̀, ó nu irùngbọ̀n pupa rẹ̀, ó ní, “Innā lillāhi. Ìyá Ràfíá, ẹ ṣe sùúrù. Ẹni tó wà nínú opó kì í rìn káàkiri.”

“Àfáà, kì í ṣe káàkiri. Madina ni. Ìyá tó bí mi ni.”

“A gbọ́. Àdúrà tí ẹ bá ṣe níhìn-ín á bá wọn lọ́hùn-ún. Àbí ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n máa sọ ní Zongo pé opó Alhaji ń gbafẹ́ ni?”

Ràfíá, tó ń gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ, ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, “Gbafẹ́ kẹ̀? Adɛn? Kí ló dé? Ìyá wọn ló kú! Ẹni tó ń lọ síbi òkú, ìyẹn ń gbafẹ́?”

Bàbá Kékeré ní, “Ọmọ Gánà, dákẹ́. Wọn ò kọ́ ẹ láṣà.”

Mo padà sínú yàrá. Mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àbúrò mi pè pé wọ́n ti sin ín, pé ojú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tó ń sùn. Ṣé ẹ mọ bó ṣe ń rí kí wọ́n fi ẹnu sọ ojú ìyá rẹ fún ọ?

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ yìí kó lè yé yín. Ọkọ mi kò dá ilé-iṣẹ́ kankan sílẹ̀ láyé rẹ̀. Orúkọ ara rẹ̀ ló fi ń ṣòwò, nọ́ńbà owó orí tirẹ̀ ló sì wà lórí gbogbo rìsíìtì. Nígbà tó kú, a kò lè fi nọ́ńbà òkú tajà mọ́. Òfin ìlú yìí kò sì gba àlejò láyè láti máa tajà nínú ọjà bẹ́ẹ̀ lásán, àlejò sì ni Bàbá Kékeré lójú òfin. Nítorí náà, wọ́n ní kí a dá ilé-iṣẹ́ tuntun sílẹ̀, kí orúkọ èmi àti Ràfíá wà lórí rẹ̀ bí ọ̀gá, nítorí pé àwa méjèèjì la ní káàdì ìdánimọ̀ ọmọ Gánà. Mo rò ó, mo rí i pé ó dára. Ṣebí ọjà bàbá Ràfíá ni. Wọ́n rán ọkùnrin kan wá, ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá èèyàn sáré ìwé kiri, mo sì tọwọ́ bọ̀wé nínú yàrá opó mi. Orúkọ ọkọ mi ni wọ́n fi sọ ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n wá fi “àti Àwọn Ọmọkùnrin Rẹ̀” kún un. Àwọn ọmọkùnrin wo? Mo béèrè. Bàbá Kékeré ní bí wọ́n ṣe ń sọ ilé-iṣẹ́ lórúkọ nìyẹn, pé ó máa ń mú kó wúwo létí.

Wọ́n gba ìwé-ẹ̀rí ilé-iṣẹ́ láìsí wàhálà. Ó wá ku ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gba owó orí, níbi tí ilé-iṣẹ́ ti máa gba nọ́ńbà tirẹ̀, tí wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé irú ọjà báyìí ló ń tà, ibi báyìí ló wà, ẹni báyìí ni kí ìjọba máa bá sọ̀rọ̀. Ọkùnrin asáréwé lọ, ó padà wá. Ó ní àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ rí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ lójúkojú. Bàbá Kékeré ní kó sọ fún wọn pé ara ọ̀gá kò yá. Wọ́n ní àwọn á dúró dè é títí ara rẹ̀ á fi yá. Ọjà tuntun ti gúnlẹ̀ ní èbúté Tema, wọn kò sì lè rí i gbà láìní nọ́ńbà náà. Ara Bàbá Kékeré kò balẹ̀ mọ́. Oúnjẹ mi tó máa ń jẹ bíi pé wọ́n ń lé e, kò lè jẹ ẹ́ tán.

Ni Àfáà tún dé. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ ìyá mi ní Madina, tí n kò sí níbẹ̀. Àfáà jókòó, ó túnra ṣe, ó ní, “Ìyá Ràfíá, ẹ̀sìn wa kì í ṣe ẹ̀sìn ìnira. Ìwé sọ ọ́ kedere pé obìnrin tó wà nínú opó lè jáde lọ́sàn-án fún ohun tó bá ṣe kókó, bó bá ti lè padà wá sùn nílé.”

Mo ní, “Àfáà, ìgbà wo lẹ ti mọ èyí?”

“Há! Ó ti wà nínú ìwé láti ọjọ́ tó ti pẹ́.”

“Ó ti wà níbẹ̀ nígbà tí ìyá mi kú?”

Ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ní, “Àwọn onímọ̀ ní ìyàtọ̀ èrò lórí rẹ̀.”

Ẹ gbọ́ o! Nígbà tí ìyá mi kú, àwọn onímọ̀ kò ní ìyàtọ̀ èrò kankan. Nígbà tí páálí fáànù gúnlẹ̀ ní Tema ni èrò àwọn onímọ̀ wá pín. Láti ọjọ́ náà, ọkùnrin yẹn ti tán lójú mi. Bó bá ń sọ̀rọ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ nìkan ni mò ń rí tó ń lọ sókè sódò. N kò bínú sí Ọlọ́run, kí ẹ má ṣì mí gbọ́. Ohun tí mo kórìíra ni kí ènìyàn mọ ọ̀nà, kó rí ẹni tó ń sunkún tó ń wá ọ̀nà náà, kó sì dákẹ́, nítorí pé kò sí èrè tirẹ̀ níbẹ̀.

Bàbá Kékeré kò mọ ìgbà tó yẹ kí ènìyàn dákẹ́. Ó na ọ̀rá kan sí mi, léèsì aláwọ̀ búlúù wà nínú rẹ̀. Ó ní, “Ẹ wọ èyí o, Ìyá Ràfíá. Wọ́n máa ya fọ́tò yín níbẹ̀. Bí ẹ bá wọ funfun yẹn, wọ́n á rò pé agbe la wá ṣe. Kí ẹ fi tìróò díẹ̀ sójú náà.”

Àfáà wà níbẹ̀, ẹ dákun. Ẹni tó kọ́ mi pé opó kò gbọdọ̀ ṣe ọ̀ṣọ́ kankan, òun ló jókòó níbẹ̀ tó ń ka tẹ̀sùbáà, tó ń ṣe bí ẹni pé òun kò gbọ́. Mo dá ọ̀rá náà padà. Aṣọ funfun mi ni mo wọ̀ lọ.

Inú ọkọ̀ Bàbá Kékeré ni gbogbo wa wà: òun níwájú pẹ̀lú Àfáà, èmi àti Ràfíá lẹ́yìn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ọkọ mi, n kò tíì rí títì. Àwọn èèyàn ń ta omi tútù, àwọn ọmọ ilé-ìwé ń sọdá, ayé kò dúró de ẹnikẹ́ni nínú àwa tí a ń ṣọ̀fọ̀. Nígbà tí a dé, ọ́fíìsì náà tutù, ó mọ́ tónítóní, àga wà fún àwọn tó ń dúró. Obìnrin kan ló dá wa lóhùn, ọmọ Akan, ó lè jẹ́ ẹgbẹ́ mi tàbí kó kéré sí mi díẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rí aṣọ mi, ó sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró.

Ó bi mí ní Twi pé, “Maame, hwan na wawu?” Ta ló kú?

Mo dáhùn ní Twi pé ọkọ mi ni. Ó ní, “Due, Maame. Due ne amanehunu.” Ó kí mi kú ọ̀fọ̀ bí ẹni tó mọ ohun tí ọ̀fọ̀ jẹ́. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó kí mi láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, tí kò sì fi ìmọ̀ràn kún un.

Ó béèrè ìwé-ẹ̀rí, a fún un. Ó béèrè káàdì wa, a fún un. Ó béèrè ibi tí ṣọ́ọ̀bù wà, Bàbá Kékeré sọ ọ́. Ó béèrè nọ́ńbà fóònù mi, nítorí pé orí fóònù ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ni wọ́n máa fi nọ́ńbà àṣírí ránṣẹ́ sí, èyí tí a ó máa fi wọlé sí àkáǹtì ilé-iṣẹ́. Mo ń ka tèmi sílẹ̀ lọ́wọ́ ni Bàbá Kékeré fi ohùn bo tèmi mọ́lẹ̀, ó ń ka nọ́ńbà mìíràn.

Obìnrin náà ní, “Èwo ni ká mú?”

Bàbá Kékeré ní, “Èyí tí mo kà ni. Orúkọ wọn ló wà lórí rẹ̀. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò.”

Obìnrin náà yẹ̀ ẹ́ wò. Lóòótọ́, orúkọ mi ni. Ìgbà náà ni mo rántí pé ní ọ̀sẹ̀ tí ọkọ mi kú, Bàbá Kékeré ti gba káàdì mi lọ́wọ́ Ràfíá pé òun fẹ́ fi ṣe ètò ìsìnkú. Láìnì tuntun ló fi rà! Ọ̀sẹ̀ ìsìnkú! Ènìyàn ń wẹ òkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì ń ro bí òun ṣe máa ra láìnì.

Obìnrin náà tẹ nǹkan lórí kọ̀ǹpútà. Ó ní, “Maame, mo ti fi ránṣẹ́ sí yín. Ẹ ka nọ́ńbà náà fún mi.”

Fóònù dún nínú àpò agbádá Bàbá Kékeré.

Ó tún dún. Ràfíá fi ọwọ́ bo ẹnu. Àfáà wo òkè àjà bíi pé ojú ọ̀run ló wà níbẹ̀. Bàbá Kékeré yọ fóònù náà, ó na án sí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ìyá Ràfíá, ẹ ti gbàgbé fóònù yín sọ́wọ́ mi.”

Obìnrin náà fẹ̀yìn ti àga. Kò wo òun, èmi ló ń wò. Ó ní, “Maame, ṣé tiyín ni ilé-iṣẹ́ yìí?”

Bàbá Kékeré ní, “Tiwọn ni, tiwọn ni, ẹbí ni wá...”

“Bàbá, ẹ̀yin kọ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀.”

Mo mọ ohun tó wà nínú ìdáhùn mi. Bí mo bá ní tèmi ni, ọjà á jáde ní Tema, ṣọ́ọ̀bù á ṣí, iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ mi kò ní parun, Ràfíá á sì ní ohun tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀. Bí mo bá ní tèmi kọ́, ohun gbogbo dúró. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo Bàbá Kékeré tó fi ojú bẹ̀ mí, tí mo wo Àfáà, ẹnu mi kọ̀ láti bá wọn wà ní ẹgbẹ́ kan náà. Mo ní, “Ìwé sọ pé tèmi ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí fóònù wà nínú àpò rẹ̀ ló ni ín. Èmi ń ṣe opó lọ́wọ́. Ìyá mi kú, àwọn méjì yìí ní n kò gbọdọ̀ jáde lọ wo òkú rẹ̀. Ọ̀dọ̀ yín nìkan ni wọ́n ní mo lè wá.”

Obìnrin náà kó àwọn ìwé wa jọ, ó tò wọ́n, ó dá wọn padà fún mi, fún èmi gan-an. Ó rọra sọ pé, “Ẹ lọ sílé, Maame. Ẹ lọ parí ọ̀fọ̀ yín. Bó bá jẹ́ tiyín, ẹ padà wá. Bí kò bá jẹ́ tiyín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú yín wá.”

Nínú ọkọ̀, “ẹ” kúrò lẹ́nu Bàbá Kékeré. Ó ní, “Ìwọ obìnrin yìí, o ti pa wá! O ti fi ọwọ́ ara rẹ ti ilẹ̀kùn ọkọ rẹ!” Àfáà ní kí a fi ṣe àmúwá Ọlọ́run. Ràfíá ní, “Àfáà, àwọn onímọ̀ ńkọ́? Ṣé èrò wọn ti tún pín?” Ó yẹ kí n bá ọmọ mi wí. N kò bá a wí.

Ṣọ́ọ̀bù náà wà ní títì títí mo fi parí opó. Wọ́n gbé fáànù lọ sí ibòmíràn ní Tema, n kò mọ ibi tó parí sí. Àwọn oníbàárà ọkọ mi ti rí ẹlòmíràn. Àwọn àgbà ń pè mí láti Ògbómọ̀ṣọ́, tí wọ́n ń ju fóònù fún ara wọn, tí oníkálukú ń bú mi níwọ̀nba tí owó ìpè rẹ̀ mọ.

Lẹ́yìn tí mo bọ́ aṣọ opó, ọ̀sẹ̀ kan náà ni Bàbá Kékeré wọlé sí pálọ̀ mi gẹ́gẹ́ bí àlejò, òun tó ti ń gbé níbẹ̀. Ó ti fá orí. Ó ti wọ jàlàbíà tuntun, lọ́fínńdà rẹ̀ sì ti wọlé kí òun alára tó wọlé. Ó gbé páálí mílíìkì kan lé orí tábìlì. Àfáà tẹ̀lé e. “Ẹ” ti padà sẹ́nu Bàbá Kékeré.

Àfáà ní, “Ìyá Ràfíá, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ilé Alhaji tú. Àbúrò wọn ti ṣetán láti ṣú yín lópó, kí ẹ má baà bọ́ sí ìta.”

Ìta wo? Ilé tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi ni wọ́n jókòó sí tí wọ́n ti ń sọ ọ́!

Mo ní, “Bàbá Kékeré, ẹ dá mi lóhùn bí ọkùnrin. Ṣé èmi lẹ fẹ́ fẹ́ ni, àbí káàdì mi?”

Ó rò ó. Mo fi Ọlọ́run búra fún yín, ọkùnrin náà rò ó! Ó ní, “Ìyá Ràfíá, ṣé ẹ̀yin àti káàdì yín yàtọ̀ síra ni?”

Láti ilé ìdáná, mo gbọ́ tí Ràfíá ké pe Olúwa ní Twi pé “Ewurade!”, tí ìkòkò kan sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ni ẹ̀rín àkọ́kọ́ mi láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, kò sì dùn mọ́ mi nínú. Mo ní kí wọ́n gbé mílíìkì wọn.

Ní báyìí, Ràfíá ti dojú kọ mí. Ó ní kí a lọ sí ọ́fíìsì náà, àwa méjèèjì, kí a fi nọ́ńbà fóònù tiwa sílẹ̀, kí a sì ṣí ṣọ́ọ̀bù bàbá òun. Mo sọ fún un pé bí mo bá rántí àwọn èèyàn náà, mi ò fẹ́ kí ohunkóhun tí wọ́n fọwọ́ kàn tún yè. Ó dá mi lóhùn pẹ̀lú Yorùbá rẹ̀ tó ń wọ́lẹ̀, “Mama, ẹ lè kórìíra wọn, kí ẹ sì forúkọ sílẹ̀. Kì í ṣe nǹkan kan náà.” Òótọ́ ló sọ. Mo ti gbà. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa lọ, a ó sì yọ “Àwọn Ọmọkùnrin Rẹ̀” kúrò lára orúkọ náà bó bá ṣeé ṣe.

Ẹ̀yin obìnrin ẹlẹgbẹ́ mi, bí wọ́n bá gbé ìwé wá bá yín nínú yàrá opó, ẹ má wo ohun tó wà nínú ìwé náà nìkan. Ẹ rántí ohun tí ẹ̀yin náà ti bẹ̀ wọ́n fún rí, àti èsì tí wọ́n fún yín. Ìwé mi kò ní àbùkù kankan. Àwọn tó gbé e wá ló ní.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ yín kọ́ nìyẹn. Bàbá Kékeré mọ gbogbo oníbàárà ọkọ mi lórúkọ, ó mọ wáyà tó dára yàtọ̀ sí èyí tí kò dára, èmi àti Ràfíá kò sì mọ nǹkan kan nínú rẹ̀. Ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, inú ṣọ́ọ̀bù yẹn ni wọ́n ti ń jẹun, wọn kò sì ṣẹ̀ mí. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi ni wọ́n. Ràfíá ní kí a gbà á síṣẹ́. Ó fẹ́ẹ́ dájú pé n ó gbà á. N ó máa rí i láàárọ̀, á máa kí mi, n ó máa dá a lóhùn, a ó jọ máa jẹun ọ̀sán láti inú abọ́ kan bí wọ́n ṣe ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù náà láti ìgbà ayé ọkọ mi. Bí mo bá wo ọwọ́ rẹ̀ nínú abọ́ náà, ọjọ́ tí mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀ mi padà nìkan ni n ó máa rí. Báwo ni ènìyàn ṣe ń bá ẹni tí kò kà sí ènìyàn mọ́ jẹun lójoojúmọ́? Ẹni tó bá ti ṣe é rí nínú yín, tí oúnjẹ náà sì gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kọjá, kó jọ̀ọ́ kó sọ bó ṣe ṣe é fún mi.